Àkọsílẹ̀ Ìbílẹ̀ àti Ìtọpinpin Orírun Àwọn Ìdílé Elédè Sípáníìṣì ní New Mexico

Ìfáàrà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn. Síbẹ̀, ìgbà mìíràn wà tí ìtàn àtẹnudẹ́nu máa ń ta ko ohun tó wà nínú ìwé. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní New Mexico, ìpínlẹ̀ kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ ìdílé elédè Sípáníìṣì níbẹ̀ ló gbà pé ọmọ Sípéènì pọ́ńbélé ni baba ńlá àwọn. Iṣẹ́ yìí fi hàn pé orúkọ ìdílé nìkan kò tó ẹ̀rí. Fífi oríṣiríṣi àkọsílẹ̀ wé ara wọn ló ń gbé òótọ́ jáde.

Àkọsílẹ̀ tó ṣègbé
Ní ọdún 1598 ni Juan de Oñate kó àwọn ọmọ ogun àti ìdílé wọn wá tẹ̀dó sí New Mexico láti Mẹ́síkò, tó wà lábẹ́ Sípéènì nígbà náà. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1680, àwọn Pueblo tó ni ilẹ̀, lábẹ́ ìdarí Po'pay, dìde sí àwọn tó ń jẹ gàba lé wọn lórí. Nǹkan bí 400 ará Sípéènì ló kú. Àwọn tó kù sá lọ sí El Paso. Ọ̀pọ̀ ìwé ìjọ àti ti ìjọba ló ṣègbé. Nítorí náà, ẹni tó bá ń tọpa ìdílé tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú 1680 ní láti yà sí ilé ìpamọ́ ìwé àtijọ́ ní Ìlú Mẹ́síkò àti ní Seville.

Ìwádìí ṣáájú ìgbéyàwó
Lẹ́yìn tí Diego de Vargas kó àwọn ènìyàn padà ní 1693, ìwé àwọn àlùfáà Franciscan di orísun ìmọ̀ pàtàkì. Lára wọn ni diligencias matrimoniales, ìyẹn ìwádìí tí àlùfáà ń ṣe kí ó tó so ọkọ àti aya pọ̀. Ìjọ Kátólíìkì kò fàyè gba ìgbéyàwó láàrin ìbátan tó sún mọ́ra láìgba àṣẹ. Ìdí nìyí tí àlùfáà fi ń béèrè orúkọ òbí àti ìlú tí a ti bí tọkọtaya, tí ó sì ń gba ẹ̀rí lẹ́nu àwọn tó mọ̀ wọ́n. Ohun tí ìjọ ṣe láti dènà èèwọ̀ ló di àtẹ ìran fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Fray Angélico Chávez (1910–1996), ọmọ bíbí New Mexico, lo àwọn ìwé ìjọ wọ̀nyí fún Origins of New Mexico Families, ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1954.

Orúkọ yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀
Àwọn kan wà tí à ń pè ní genízaro. Ọmọ àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ ni wọ́n, tí a mú lẹ́rú tàbí tí a rà, tí a ṣe ìrìbọmi fún, tí a sì sọ ní orúkọ Sípáníìṣì. Ìwé ìrìbọmi ìyá àgbà lè pè é ní ọmọ onílẹ̀, kí ti ọmọ-ọmọ rẹ̀ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ka ti ọmọ-ọmọ nìkan yóò ṣìnà.

Ọ̀rọ̀ náà kan ilẹ̀ pẹ̀lú. Ní 1754, Gómìnà Tomás Vélez Cachupín fún àwọn genízaro ní ilẹ̀ ní Abiquiú. Nígbà tí Amẹ́ríkà gba agbègbè náà lọ́wọ́ Mẹ́síkò ní 1848, ìwé ni a fi ń jà fún ẹ̀tọ́ ilẹ̀. Ilé-ẹjọ́ tó gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ láàrin 1891 sí 1904 fọwọ́ sí ti Abiquiú. Orírun tí àwọn ìdílé mìíràn ń fi pamọ́ gan-an ló dáàbò bo ilẹ̀ àwọn ará Abiquiú. Ní 2007, ìgbìmọ̀ aṣòfin New Mexico bu ọlá fún ipa àwọn genízaro àti ìran wọn.

Ìgúnlẹ̀
Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún olùkọ́ ìtàn ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tó mọ̀, kí ó máa fà á sẹ́yìn láti ìran dé ìran, kí ó fi ìwé ìrìbọmi, ti ìgbéyàwó àti ti ìkànìyàn wé ara wọn. Níbi tí wọ́n bá ti takora, kí ó má ṣe yan èyí tó dùn mọ́ ìdílé nínú; ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀.