Kí ló ń mú kí ọwọ́ ọlọ́kadà kú tipiri? Ìtàn bí wọ́n ṣe wá ojútùú sí gbígbọ̀n alùpùpù

Bí ọlọ́kadà bá ti ná ọ̀nà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, kó tó ka owó tó pa, yóò kọ́kọ́ gbọn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ná. Ọwọ́ ti kú tipiri, ìka ń ṣe é yìnrìnyìnrìn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kòtò ojú ọ̀nà nìkan ló fà á. Àmọ́ inú ẹ́ńjìnnì pàápàá ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá.

Ibo ni gbígbọ̀n náà ti ń wá?

Písítìn inú ẹ́ńjìnnì máa ń lọ sókè sódò ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ ló ń gbọn ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì á gbọn férémù, férémù á gbọn irin tí awakọ̀ dì mú.

Písítìn kan ṣoṣo ló wà nínú àwọn ọ̀kadà tó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ náà ni ti zemidjan ní Cotonou. Kò sí èkejì tí yóò máa lọ sódò nígbà tí èyí bá ń lọ sókè, kí agbára wọn lè pa ara wọn.

Rọ́bà tó yí ìtàn padà ní 1967

Ẹ́ńjìnnì Norton ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní písítìn méjì, ṣùgbọ́n wọ́n jọ ń lọ sókè, wọ́n jọ ń bọ̀ nísàlẹ̀ ni. Nígbà tó jáde ní 1949, nǹkan bíi 500cc ni. Nígbà tó fi máa di 1962, ó ti di 750cc, gbígbọ̀n rẹ̀ sì ti le sí i.

Ní 1967, Norton gbé Commando jáde níbi àfihàn alùpùpù ní Earls Court, London. Wọn kò tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Wọ́n so ẹ́ńjìnnì, jíà àti apá tó di táyà ẹ̀yìn mú pọ̀, wọ́n wá fi rọ́bà sí àárín wọn àti férémù. Isolastic ni wọ́n pè é. Bí alùpùpù náà bá dúró sójú kan, ẹ ó rí i tó ń gbọ̀n jìnnìjìnnì. Bó bá ti sáré, ọwọ́ awakọ̀ á balẹ̀.

Ọdún márùn-ún léra wọn, láti 1968 sí 1972, ni àwọn òǹkàwé ìwé ìròyìn Motor Cycle News fi dìbò yàn án ní alùpùpù ọdún. Àmọ́ bí wọn kò bá tọ́jú rọ́bà náà, alùpùpù á máa mì ní kọ́nà.

Yamaha gba ọ̀nà mìíràn ní 1972. Inú ẹ́ńjìnnì TX750 ni wọ́n fi irin kan sí, tí yíyí rẹ̀ ń tako gbígbọ̀n písítìn.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbádùn nìkan

Ní 1918, Dókítà Alice Hamilton ṣàyẹ̀wò àwọn agbẹ́kùúta ní Bedford, ìpínlẹ̀ Indiana, l'Amẹ́ríkà. Òòlù tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ ti sọ ìka wọn di funfun, ó sì ti kú, pàápàá nígbà òtútù. Ní 1985, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi àìsàn náà kún àwọn tí òṣìṣẹ́ lè gba owó lé lórí.

Ọlọ́kadà kò ní ọ̀gá tí yóò san irú owó bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ sì ni oúnjẹ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì máa fún bóòtù tó di ẹ́ńjìnnì mú. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà ọwọ́ tó bá ti jẹ. Bí irin kékeré tó wúwo bá wà ní ìparí ọwọ́ ọ̀kadà yín, ẹ má yọ ọ́ dànù: kì í ṣe ẹ̀ṣọ́, òun ló ń dín gbígbọ̀n kù. Ẹ má di irin náà mọ́wọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, kí ẹ sì máa sinmi.