Arúgbó Lẹ́yìn Ògiri: Ìpè fún Ìtúsílẹ̀ Àwọn Ẹlẹ́wọ̀n ní Ọdún 2020

Ní ìparí oṣù Èrèlè ọdún 2020 ni àrùn kòrónà wọ Nàìjíríà. Kí oṣù Ẹrẹ́nà tó parí, ìjọba àpapọ̀ ti kéde òfin kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Ògùn àti Àbújá. Àwọn oníṣègùn ní kí a máa fọ ọwọ́, kí a sì takété sí ara wa. Ẹni tí ó ní yàrá tirẹ̀ lè ṣe é. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tí òun àti ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń sùn nínú yàrá kan, tí a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ láti òde, yóò ṣe takété?

Ìbéèrè yìí ni àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́-ọmọnìyàn gbé dìde. Ní ọjọ́ 25 oṣù Ẹrẹ́nà, Michelle Bachelet, tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà fún ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nígbà náà, rọ àwọn ìjọba pé kí wọ́n tú àwọn tí ewu àrùn náà pọ̀ fún jùlọ sílẹ̀, pàápàá àwọn arúgbó àti aláìsàn. Iran ti ṣíwájú: ẹlẹ́wọ̀n bí 85,000 ni wọ́n ti jẹ́ kí ó lọ sílé fún ìgbà díẹ̀.

Àwọn kan sọ pé ẹni tí ó bá ṣẹ̀, kí ó jìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Àmọ́ ilé-ẹjọ́ tí ó rán ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta kò dá a lẹ́jọ́ ikú. Àrùn kì í sì í gba ìwé àṣẹ kí ó tó fo ògiri; wọ́dà ń wọlé láàárọ̀, ó ń padà sọ́dọ̀ aya àti ọmọ lálẹ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n sí Èkó, ti rí irú rẹ̀ rí. Ní ọdún 1750, ibà ọgbà ẹ̀wọ̀n bá àwọn ẹlẹ́wọ̀n wọ ilé-ẹjọ́ Old Bailey ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó pa adájọ́, ó sì pa olórí ìlú náà pàápàá. Lẹ́yìn náà ni John Howard rí i pé àwọn tí ilé-ẹjọ́ ti dá sílẹ̀ ṣì wà látìmọ́lé nítorí pé wọn kò rí owó san fún onítúbú. Ní ọdún 1774, ilé aṣòfin ibẹ̀ fòpin sí owó náà.

Owó ṣì ń de ènìyàn mọ́lẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 2020. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Igbe, Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, tí ó jẹ́ Mínísítà fún ọ̀rọ̀ abẹ́lé, kéde pé Ààrẹ Muhammadu Buhari ti fọwọ́ sí ìtúsílẹ̀ ẹlẹ́wọ̀n 2,600. Àwọn tí ó ti tó ọgọ́ta ọdún wà nínú wọn, àwọn tí àìsàn wọn lè já sí ikú, àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé, àti àwọn tí owó ìtanràn wọn kò ju ₦50,000 lọ. Wọ́n yọ àwọn ajínigbé, afipábánilòpọ̀ àti apànìyàn kúrò.

Ìkéde náà dára, ṣùgbọ́n ìkéde kì í ṣe kọ́kọ́rọ́. Abala 175 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè fún Ààrẹ ní agbára láti dárí ji ẹni tí ó rú òfin ìjọba àpapọ̀. Ẹni tí ó rú òfin ìpínlẹ̀, ọwọ́ gómìnà ni ìdáríjì tirẹ̀ wà, gẹ́gẹ́ bí abala 212 ti wí. Òfin ìpínlẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn ẹlẹ́wọ̀n rú.

Ẹgbẹ́ kan tún wà tí ọ̀rọ̀ wọn bani nínú jẹ́ jù: àwọn tí kò tíì jẹ́jọ́ tán. Nínú lẹ́tà tí Ààrẹ kọ sí Adájọ́ Àgbà orílẹ̀-èdè nínú oṣù Igbe kan náà, ó ní nínú ènìyàn 74,127 tí ó wà látìmọ́lé, 52,226 ló ń dúró de ìgbẹ́jọ́. Méje nínú mẹ́wàá nìyẹn, tí òfin ṣì kà sí aláìlẹ́ṣẹ̀. Lẹ́tà náà rọ àwọn adájọ́ pé kí wọ́n ṣèbẹ̀wò sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, kí wọ́n sì tú àwọn tí ó yẹ sílẹ̀, títí kan àwọn arúgbó, àwọn aláìsàn, àti àwọn tí ó ti lo ọdún mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe agbára tuntun. Òfin kan ti fún àwọn adájọ́ àgbà láyè bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1977.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Igbe yẹn náà, Ààrẹ dárí ji Anthony Enahoro, tí ó kú ní ọdún 2010, àti Ambrose Alli, tí ó kú ní ọdún 1989. Ìdáríjì ti àwọn òkú múlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Arúgbó tí ó rú òfin ìpínlẹ̀ ṣì ń dúró de ìbuwọ́lù gómìnà.