Èbù

Ọ̀rọ̀-orúkọ.

1. Ègé tí a gé lára iṣu, tàbí odidi iṣu kékeré, tí a yà sọ́tọ̀ fún gbígbìn. Àpẹẹrẹ: Wọ́n ti gé èbù sílẹ̀ de òjò àkọ́rọ̀.

2. Gbogbo iṣu tí àgbẹ̀ fi pamọ́ de ọdún tó ń bọ̀. Àpẹẹrẹ: Èbù rẹ̀ kò tó oko tó ro.

Ohùn: Kí a má ṣe ṣì í kà sí èébú (ọ̀rọ̀ àbùkù) tàbí ebè (ilẹ̀ tí a kọ fún iṣu).

Àlàyé lórí ìlò: Iṣu ló ni èbù. Ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ọmọ, ti ẹ̀gẹ́ ni igi. Irúgbìn kó gbogbo wọn pọ̀. A máa ń gé èbù, a sì máa ń gbìn ín, èbù a hù, iṣu a sì ta, gẹ́gẹ́ bí òwe ti wí: "Bí iṣu ẹni bá ta, à á fọwọ́ bò ó jẹ."

Ní Iléṣà àti gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tó fẹ́ràn iyán, inú iṣu kan náà ni oúnjẹ àti èbù ti ń wá: èyí tí a bá gún kò sí nílẹ̀ fún gbígbìn mọ́. Bí àrùn bá sì wà lára ìyá iṣu, èbù yóò gbé e dé oko tuntun.

Nítorí èyí ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, ṣe ń mú iṣu hù nínú ìgò. A ó gé góńgó ìdàgbà rẹ̀ tín-ń-tín, nítorí fáírọ́ọ̀sì kì í sábà dé ibẹ̀. A ó gbé e sórí oúnjẹ oníyọ̀, ṣúgà àti fítámì, irú èyí tí Murashige àti Skoog gbé jáde ní ọdún 1962, nínú ìgò tí a ti fi ooru pa kòkòrò inú rẹ̀. Bí ó bá dàgbà, a ó gé e ní oríkèé-oríkèé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò di ewéko tó jọ ìyá rẹ̀. A ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó mọ́ lọ́wọ́ àrùn, a ó sì fi ibòòji mú un le kó tó rí oòrùn oko.

Kò tọ́ láti pe ewéko yìí ní èbù, nítorí ó ti ní gbòǹgbò àti ewé. Irúgbìn inú ìgò ló bá a mu. Ṣùgbọ́n iṣu kékeré tó bá ta lára rẹ̀, tí a sì fi pamọ́ fún gbígbìn, èbù ni.

Ẹ tún wo: ebè, irúgbìn, iṣu, ọmọ.