Ibùsùn àkọ́kọ́ nílẹ̀ Faransé: ìtàn ohun àlòkù tí ojú ń ti àwọn ọmọ wa láti rà

 

Ìyá kan ló fa ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí. Ní oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, ó wá bá wa nílé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ tán. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí a kọ́ ní kíláàsì wa rí, ti gba bàkáloréà, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan sì ti gbà á nílẹ̀ Faransé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tó débẹ̀ ló pe ìyá rẹ̀. Ó ti rí yàrá, ṣùgbọ́n òfìfo ni. Kò sí ibùsùn, kò sí tábìlì, kò sí àga, kò sí ìkòkò. Ó ní kí ìyá òun fi 300 000 fáráǹkì ránṣẹ́, ìyẹn nǹkan bíi 457 euro, kí òun lè ra gbogbo rẹ̀ ní tuntun. Ìyá náà fẹ́ lọ bẹ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí òun kó èésú ṣáájú àkókò.

Ó ní, "Ọ̀gá olùkọ́, ẹ̀yin lẹ mọ ìwé. Ṣé lóòótọ́ ni pé ènìyàn kò lè sùn nílẹ̀ òyìnbó láìná irú owó yìí?"

A bi í bóyá ọmọ náà ti wo ọjà ohun àlòkù. Ó ní òun bi í, èsì tó fọ̀ ni pé: "Ìyá mi, mi ò wá sí Faransé láti wá máa ṣa ohun tí àwọn òyìnbó jù nù."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá, nítorí àwa náà lẹ́bi níbẹ̀. A kọ́ ọmọ yìí ní ìtàn Napoléon, a kọ́ ọ ní ogun àgbáyé méjèèjì, ó sì yege. Ṣùgbọ́n a kò kọ́ ọ bí àwọn tálákà ilẹ̀ Faransé fúnra wọn ṣe rí àga jókòó lé. Ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn náà níbí, fún un àti fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn aláàkísà Paris

Ní ọ̀rúndún 19, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń jẹun nídìí ààtàn ní Paris. Chiffonnier ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn àwọn tó ń ṣa àkísà. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọn á gbé apẹ̀rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, wọn á mú àtùpà lọ́wọ́ kan, wọn á mú ọ̀pá tó ní ìkọ́ irin lọ́wọ́ kejì, wọn á sì máa tú ìdọ̀tí tí àwọn onílé dà sójú pópó. Wọ́n ń ṣa àkísà tí àwọn ilé iṣẹ́ fi ń ṣe ìwé, wọ́n ń ṣa egungun, irin, ìgò, àti àga tó ti kán lẹ́sẹ̀. Ohun tí wọ́n bá lè tún ṣe, wọn á tún un ṣe, wọn á tà á fún ẹni tí kò lówó tuntun.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1883, Eugène Poubelle, tí í ṣe préfet ẹkùn Seine, pàṣẹ pé kí gbogbo onílé pèsè ohun ìdalẹ̀nù tó ní ìdérí fún àwọn ayálégbé wọn. Igbe ta láàárín àwọn aláàkísà, nítorí wọ́n rò pé oúnjẹ ti bọ́ lẹ́nu àwọn. Nígbẹ̀yìn, a gbà wọ́n láyè láti tú agolo náà kí kẹ̀kẹ́ ìdọ̀tí tó kó o lọ. Orúkọ ọkùnrin yìí ni àwa náà ń pè ní Kútọnu àti ní Àjàṣẹ́ nígbàkigbà tí a bá ní kí ọmọ lọ da ilẹ̀ nù sínú poubelle.

Bí ìlú ṣe ń gbòòrò, tí iyàrá sì ń gbówó lórí, àwọn aláàkísà ṣí lọ sí ẹ̀yìn odi, sí Saint-Ouen, sí Montreuil, sí Vanves. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pàtẹ ọjà sílẹ̀. Àwọn ará ìlú fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n pe ọjà náà ní marché aux puces, ọjà eégbọn, nítorí wọ́n ní aṣọ àti ibùsùn tí wọ́n ń tà níbẹ̀ kún fún eégbọn. Ẹ wo bí ayé ṣe ń yí. Lónìí, àwọn olówó ń ti Amẹ́ríkà àti Jàpáàn wá sí Saint-Ouen láti ra àga àtijọ́, àga kan níbẹ̀ sì lè wọ́n ju mẹ́wàá tuntun lọ. Ohun àlòkù tí olówó bá rà, wọ́n ní ẹ̀ṣọ́ ni. Tí tálákà bá rà á, wọ́n ní ìdọ̀tí ni.

Òtútù ọdún 1954

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ilé kò tó ní ilẹ̀ Faransé. Bọ́ǹbù ti wó púpọ̀, owó láti kọ́ tuntun kò sí. Àlùfáà kan tí ń jẹ́ Henri Grouès, tí wọ́n bí ní Lyon ní 1912, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Abbé Pierre, ń gbé inú ilé ńlá kan tó ti ń wó lọ ní Neuilly-Plaisance, lẹ́bàá Paris. Ní 1949, wọ́n mú ọkùnrin kan wá bá a, ẹni tó ti ṣẹ̀wọ̀n ní Guyane, tí ayé sú, tó fẹ́ pa ara rẹ̀. Àlùfáà náà sọ fún un pé òun kò ní ohunkóhun tí òun lè fún un, ṣùgbọ́n tó bá fẹ́, kó wá ran òun lọ́wọ́ láti kọ́lé fún àwọn tí kò nílé. Ọkùnrin náà dúró. Bí Emmaüs ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Aṣojú ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni Abbé Pierre nígbà náà, owó oṣù rẹ̀ ni wọ́n sì ń jẹ. Nígbà tó kúrò níbẹ̀ ní 1951, owó tán. Ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ bá gbé iṣẹ́ àwọn aláàkísà: wọ́n ń gba ohun tí àwọn ènìyàn kò fẹ́ mọ́, wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n ń tà á, wọ́n sì ń fi èrè rẹ̀ kọ́lé.

Òtútù ọdún 1954 le ju ti ìgbà gbogbo lọ. Ní oru tí oṣù kejì bẹ̀rẹ̀, obìnrin kan kú sí ojú títì ní boulevard Sébastopol ní Paris. Ìwé tí wọ́n fi lé e jáde kúrò nílé ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Abbé Pierre lọ sí Radio-Luxembourg ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì náà, ó bẹ àwọn ará ìlú. Ó ní òun nílò kúbùsù 5 000, àgọ́ ńlá 300, àti ẹ̀rọ ìmúlégbóná 200, kíákíá. Àwọn ènìyàn dáhùn. Ohun tí wọ́n kó wá pọ̀ débi pé ibi tí wọ́n máa kó o sí di ìṣòro. Lẹ́yìn ọdún méjì, ní oṣù kejìlá 1956, wọ́n ṣe òfin pé a kò gbọdọ̀ lé ayálégbé jáde nígbà òtútù. Òfin náà wà síbẹ̀: láti ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá títí di òpin oṣù kẹta.

Ìtàn kò gbọdọ̀ fi apá kan pamọ́. Ní 2024, Emmaüs fúnra rẹ̀ gbé ìròyìn jáde, nínú èyí tí àwọn obìnrin jẹ́rìí pé Abbé Pierre fi ipá bá wọn ṣe ohun tí kò tọ́. A sọ ọ́ nítorí pé òótọ́ ni ó yẹ kí olùkọ́ sọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti kọjá ẹni kan. Káàkiri ilẹ̀ Faransé ni Emmaüs ti ní ilé ìtajà, níbi tí ènìyàn ti lè ra tábìlì, abọ́, kọ́bọ́ọ̀dù àti frigo. Àwọn tó ń tún wọn ṣe níbẹ̀ ń rí ilé gbé, wọ́n ń rí oúnjẹ jẹ, wọ́n sì ń rí owó díẹ̀ ná. Owó tí ọmọ wa bá ná níbẹ̀ ń gbé ẹlòmíràn ró. Emmaüs wà ní Bẹ̀nẹ̀ tiwa náà, ní Pahou àti ní Tohouè.

Tuntun tó pọ́ọ́kú

Àwọn ọ̀dọ́ á ní, "Ṣebí IKEA wà?" Bẹ́ẹ̀ ni. Ingvar Kamprad dá a sílẹ̀ ní Sweden ní 1943 nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 17. Ní àwọn ọdún 1950, wọ́n rí i pé tí wọ́n bá yọ ẹsẹ̀ tábìlì, yóò wọ inú ọkọ̀, kò sì ní kán lọ́nà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń tà á ní pẹlẹbẹ nínú páálí, tí oníbàárà ń tò ó fúnra rẹ̀. Ìdí tó fi pọ́ọ́kú nìyẹn: ìwọ tí o rà á ni káfíńtà. Ní 1981 ni wọ́n ṣí ti àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Faransé.

A kò bá a jà. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tó pọ́ọ́kú jù, ìyẹ̀fun igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀ ni. Tí o bá tú u lẹ́ẹ̀mejì láti kó lọ sí yàrá mìíràn, ihò ìdè rẹ̀ á ti gbòòrò. Akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń kó kiri. Igi gidi tí bàbá àgbà kan ti lò fún 40 ọdún ní Faransé ṣì máa ń dúró.

Ohun tí a sọ fún ìyá náà

A kọ́kọ́ sọ fún un pé kí ọmọ rẹ̀ wo ìwé ilé dáadáa. Tí wọ́n bá kọ meublé sí i, òfin tó jáde ní oṣù keje 2015 ti ka ohun tí onílé gbọdọ̀ pèsè: ibùsùn àti kúbùsù, tábìlì àti àga, ibi ìdáná, frigo, abọ́, ìkòkò, iná, àní ohun èlò ìgbálẹ̀ pàápàá. Ẹni tó bá ń ra ohun tí onílé jẹ ẹ́ ní gbèsè ń fi owó ṣòfò. Ọmọ náà wò ó: yàrá òfìfo ni tirẹ̀ lóòótọ́.

Èkejì, a ní kó lọ sí ilé ìtajà ohun àlòkù, kó sì wo Leboncoin, tó ti wà láti 2006, níbi tí àwọn ará Faransé ti ń ta ohun ilé wọn fún ara wọn. Ní òpin oṣù, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kó kúrò nílé, ohun gidi máa ń pọ́ọ́kú níbẹ̀, nítorí ẹni tó ń kó lọ kò ráyè dúró nájà.

Ẹ̀kẹta, a ní matelas nìkan ni kó rà ní tuntun. Ìdun ti padà sí ilẹ̀ Faransé. Àjọ ìlera wọn tí ń jẹ́ Anses sọ ní 2023 pé, láàárín 2017 sí 2022, ó lé ní ilé kan nínú mẹ́wàá tí ìdun wọ̀. Igi ibùsùn ṣeé nù, kó sì fi iná tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo orígun àti ihò rẹ̀ kó tó sanwó. Ṣùgbọ́n matelas tí a kò mọ ẹni tó sùn lé e, kó má gbé e wọlé, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́.

Lẹ́yìn náà la bi ìyá yìí léèrè ọ̀rọ̀ kan. Ó ń ta omi tútù àti yìnyín lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. A ní, "Ìyá wa, frigo tí ẹ fi ń ṣòwò yẹn, níbo lẹ ti rà á?"

Ó ní, "Ní Kútọnu ni. Venu de France ni, ọ̀gá olùkọ́. Ojúlówó ni!"

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló bú sẹ́rìn-ín, àwa náà sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ará wa, ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Àwọn ará wa ní Nàìjíríà fún irú ohun bẹ́ẹ̀ ní orúkọ ọmọ: Tòkúnbọ̀, orúkọ tí a ń sọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun, tí a sì gbé wálé. Àwa ní Bẹ̀nẹ̀ ń pè é ní venu de France, kódà tó bá jẹ́ Jámánì ló ti wá. Tó bá ti gun orí omi, tó sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté Kútọnu, a ó fi owó ńlá rà á, a ó sì máa yangàn. Frigo kan náà, nígbà tó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ni ín, tí ìdá díẹ̀ nínú owó yẹn lè rà á, ọmọ wa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ojú ń tì í.

Nílé wa pàápàá, ta ló ń fi owó kan ṣoṣo kún yàrá? Ìyàwó tuntun a máa kó ẹrù wá sílé ọkọ, ìkòkò tí ìyá àgbà ti fi se ọbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ sì máa ń wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń pe ìkòkò yẹn ní ohun tí a jù nù. Àwọn àgbà sì ti sọ pé ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Ìyá náà kò kó èésú ṣáájú àkókò. 85 000 fáráǹkì ló fi ránṣẹ́, nǹkan bíi 130 euro. Ọmọ Pobẹ̀ kan tó ti pẹ́ ní ìlú náà mú ọmọ wa lọ sí ilé ìtajà ní ọjọ́ Sátidé. Ó ra igi ibùsùn, tábìlì, àga méjì, ìkòkò méjì àti abọ́. Matelas nìkan ló rà ní tuntun, òun ló sì jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà. Nígbà tó ya àwòrán yàrá náà ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sábẹ́ rẹ̀: "Tòkúnbọ̀ tí kò tíì wọkọ̀."

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń múra àtilọ, ẹ sọ ìtàn yìí fún un kó tó wọ bàálù. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ibẹ̀ rí, kí ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹ gbé wọ yàrá yín, èló lẹ sì rà á? Ẹ sọ ọ́ kí àwọn àbúrò gbọ́. Ire o.