Mínísítà Tí A Fi Ilẹ̀ Lé Lọ́wọ́: Sethy Regenvanu ti Vanuatu

Nígbà tí a bá ń ka ìtàn òmìnira orílẹ̀-èdè kan, ayọ̀ ọjọ́ náà ni a sábà máa ń gbọ́. A kì í sábà bèèrè irú iṣẹ́ tí ó ń dúró de àwọn mínísítà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Nítorí náà ni a ṣe mú ìtàn Sethy Regenvanu wá, ẹni tí ó di mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nígbà tí Vanuatu gba òmìnira ní ọjọ́ 30 oṣù Keje, 1980.

Vanuatu jẹ́ erékùṣù bí 80 nínú òkun Pàsífíìkì, ní ìhà ìlà-oòrùn Australia. New Hebrides ni orúkọ rẹ̀ látijọ́. Láti 1906 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti jùmọ̀ ń ṣàkóso rẹ̀, tí olúkúlùkù sì ní ọlọ́pàá tirẹ̀. Ní ayé àwọn òyìnbó wọ̀nyí, ilẹ̀ púpọ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn àlejò tí ń gbin àgbọn. Lójú àwọn onílẹ̀, wọ́n kàn yọ̀ǹda fún àlejò láti dáko ni, gẹ́gẹ́ bí àwa ti mọ àgbẹ̀ tí ń san ìṣákọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé àlejò, ó ti rà á títí láé. Ọ̀ràn ilẹ̀ yìí wà lára ohun tí ó bí ẹgbẹ́ òṣèlú tí a dá sílẹ̀ ní 1971, èyí tí Walter Lini, àlùfáà Ìjọ Áńgílíkà, ṣe olórí rẹ̀ títí ó fi di olórí ìjọba.

Regenvanu pẹ̀lú jẹ́ àlùfáà, ti Ìjọ Presbiteria. Uripiv, erékùṣù kékeré lẹ́bàá Malakula, ni ìlú rẹ̀. Ó fi ilẹ̀ wé ìyá ọmọ-ọwọ́.

Òfin orílẹ̀-èdè náà sọ pé gbogbo ilẹ̀ jẹ́ ti àwọn onílẹ̀ ìbílẹ̀ àti irú-ọmọ wọn. Gbólóhùn náà kúrú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ inú rẹ̀ pọ̀. Ta ni onílẹ̀ gan-an, nígbà tí ìdílé méjì ń jà sí ilẹ̀ kan? Kí ni a ó ṣe sí àlejò tí ó ti kọ́lé, tí ó sì ti gbin igi? Òfin gbà fún un láti dúró títí yóò fi bá onílẹ̀ ṣe àdéhùn ìyálò, tàbí kí a san owó ohun tí ó ṣe sórí ilẹ̀ náà fún un. Ní ọdún kan náà, Jimmy Stevens àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dìtẹ̀ ní erékùṣù Santo, títí àwọn ọmọ ogun Papua New Guinea fi wá ran ìjọba lọ́wọ́.

Níbi tí ìjà onílẹ̀ kò bá tíì parí, òfin fi ilẹ̀ sí abẹ́ ọwọ́ mínísítà, kí ó máa tọ́jú rẹ̀, kí ó sì lè yá a lò ní ipò onílẹ̀. Ìdí rẹ̀ yé wa: ilẹ̀ kò gbọdọ̀ wà láìní olùtọ́jú. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń ti aká náà ni a fi ń ṣí i. Àwọn mínísítà mìíràn jẹ lẹ́yìn rẹ̀, àdéhùn sì ń pọ̀ sí i. Nígbà tí àwọn olùwádìí yẹ̀ ẹ́ wò ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn òmìnira, wọ́n rí i pé bí ìdá kan nínú márùn-ún àdéhùn ilẹ̀ ìgbèríko ni mínísítà fọwọ́ sí, kì í ṣe onílẹ̀.

Ní 2013, Ralph Regenvanu, ọmọ Sethy, di mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Òun ni ó gbé òfin wá tí ó gba agbára náà lọ́wọ́ mínísítà, tí ó sì dá ìjà onílẹ̀ padà sí ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀. Ọmọ jókòó lórí àga baba, ó sì dín agbára àga náà kù.

A kò sọ pé ọmọ dá baba lẹ́bi. Ọdún ìdàrúdàpọ̀ ni baba gba iṣẹ́, ó sì rí i pé a dá ilẹ̀ padà fún àwọn tí ó ni ín. Síbẹ̀, agbára tí a yá ní ọjọ́ ìpọ́njú kì í fúnra rẹ̀ padà sílé. Ẹnìkan ní láti mú un lọ. Nígbà tí a bá fẹ́ díwọ̀n iṣẹ́ mínísítà, ẹ jẹ́ kí a wo ọwọ́ ẹni tí agbára wà nígbà tí ó dìde kúrò lórí àga.