Ọmọ Òrukàn àti Ìwé: Ìgbà Èwe Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀

Ilé iṣẹ́ àti ọkọ̀ akẹ́rù ni ojú ń rí ní Orẹ́gùn lónìí. Oko ni ó pọ̀ níbẹ̀ nígbà èwe ìyá mi. Baba rẹ̀ kú kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Síbẹ̀, ó kàwé. Kí a tó lè mọ ìdí rẹ̀, ó yẹ kí a kọ́kọ́ dé Ìkẹ́nnẹ́, ní ilẹ̀ Rẹ́mọ.

Ibẹ̀ ni a bí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sí ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta, 1909. Àgbẹ̀ àti agégẹdú ni baba rẹ̀, Dáfídì Ṣópólú, tí ó fi í sí ilé ìwé. Ní 1920 ni ikú mú baba náà lọ. Ọmọ tí kò ju ọdún mọ́kànlá lọ wá di ẹni tí ń sin onílé onílé ní Abẹ́òkúta, tí ń pọnmi, tí ń ṣẹ́gi, kí ó lè rí owó ilé ìwé san. Ní 1927 ó wọ Wesley College, Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ó ṣe olùkọ́, ó ṣe akọ̀wé, ó ṣòwò, ó jẹ gbèsè. Ilé ni ó ti kàwé tí ó fi gba oyè ìmọ̀ ìṣòwò ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944. Ní 1946 ó di agbẹjọ́rò.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi ìtàn yìí kọ́ ọmọ pé ẹni tí ó bá tẹpá mọ́ṣẹ́ yóò là. Èmi rí i lọ́nà mìíràn. Nígbà tí Awólọ́wọ̀ di aláṣẹ ní Ìwọ̀ Oòrùn, kò ní kí ọmọ ẹlòmíràn lọ ṣẹ́gi bí òun ti ṣe. Ó bu owó lé àwọn ará ìlú nítorí ẹ̀kọ́. Inú bí wọn, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fìdí rẹmi ní Ìwọ̀ Oòrùn nínú ìbò àpapọ̀ 1954. Síbẹ̀, kò yẹsẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kíní, 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò tó 460,000 ní 1954 lé ní 811,000 lọ́dún náà.

Ìkẹjà, Agége àti Orẹ́gùn wà lábẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn títí di 1967, tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Bí ìyá mi ṣe wọ ilé ìwé láìní baba nìyẹn, tí kò sì pọnmi fún ẹnikẹ́ni.

Lónìí, ní àkókò tí agogo ilé ìwé ti lù, mo ń rí àwọn ọmọ tí ń ta omi inú ọ̀rá fún àwọn awakọ̀ ní Orẹ́gùn. Ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ohun tí ó tún dá wọn padà sí ìdí omi.