Ẹ̀tọ́ Ọmọ Mẹ̀kúnnù sí Ẹ̀kọ́ Níwájú Adájọ́: Láti Ẹjọ́ Okogie dé Ẹjọ́ SERAP

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́. Ètò ìṣèlú ni. Ìjọba tó bá gorí àlééfà lẹ́yìn náà lè pa á dà. Ìbéèrè mìíràn ni bóyá ọmọ mẹ̀kúnnù lè torí ẹ̀kọ́ pe ìjọba lẹ́jọ́ kí ó sì jàre.

Ìwé òfin ọdún 1979, àti ti 1999 tó tẹ̀ lé e, ṣe ìlérí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní abala 18, «nígbà tó bá ṣeé ṣe». Ṣùgbọ́n inú Orí Kejì ni abala náà wà, abala 6 sì ti gba agbára lọ́wọ́ adájọ́ láti gbọ́ ẹjọ́ tó bá dá lórí Orí Kejì. Ọwọ́ ọ̀tún fún ni, ọwọ́ òsì gbà á.

Ní oṣù kẹta ọdún 1980, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, lábẹ́ Alhaji Látééf Jákàńdè, kéde pé òun yóò fòpin sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Olúbùnmi Okogie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pè é lẹ́jọ́. Ìjọba ní Orí Kejì ni òun ń mú ṣẹ, kí àǹfààní ẹ̀kọ́ lè dọ́gba. Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn dájọ́ pé Orí Kejì kò lè borí ẹ̀tọ́ tí Orí Kẹrin fún ará ìlú. Ìjọba ló ń fi orúkọ ọmọ tálákà sọ̀rọ̀ nínú ẹjọ́ yìí. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ kò ní agbẹjọ́rò níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ SERAP, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Èkó, gba ọ̀nà mìíràn. Ilé-Ẹjọ́ ECOWAS ní Àbújá ni ó gbé ẹjọ́ lọ, nítorí láti 2005 ni ilé-ẹjọ́ náà ti láṣẹ láti gbọ́ ẹ̀sùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ìwé ìpẹ̀jọ́ rẹ̀ sọ pé owó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n jí kó ju bílíọ̀nù 3 náírà lọ. UBEC, àjọ tí a dá sílẹ̀ nítorí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé gan-an, ló wá dìde pé ẹ̀kọ́ kì í ṣe ẹ̀tọ́ tí ẹnikẹ́ni lè pẹjọ́ lé lórí, àti pé SERAP kò ní ẹsẹ̀ ìdúró nínú ọ̀ràn náà. Ó yani lẹ́nu. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 2009, ilé-ẹjọ́ da àtakò náà nù: ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ wà ní abala 17 Àdéhùn Ilẹ̀ Adúláwọ̀ lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, ohun yòówù kí ìwé òfin Nàìjíríà wí.

Ìdájọ́ ìkẹyìn, ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2010, kò fún SERAP ní gbogbo ohun tó béèrè. Ilé-ẹjọ́ ní owó jíjí nìkan kò tíì tó láti sọ pé a fi ẹ̀tọ́ ẹ̀kọ́ du ọmọ. Síbẹ̀ ó ní kí ìjọba àpapọ̀ pèsè owó tí yóò dí àlàfo náà, kí ó máa lépa àwọn olè lọ́wọ́ kan náà. Apá yìí ló ṣe pàtàkì jù, torí ọmọ tó ń dàgbà kò lè dúró de ìparí ẹjọ́ olè.

Ní 2017, ẹgbẹ́ LEDAP mú ọ̀rọ̀ náà padà sílé. Adájọ́ John Tsoho ti Ilé-Ẹjọ́ Gíga Àpapọ̀ ní Àbújá dájọ́ pé níwọ̀n bí àwọn aṣòfin ti ṣe òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 2004, ìlérí abala 18 lórí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti di ẹ̀tọ́ tí a lè pẹjọ́ lé lórí. Òfin náà dé ọdún kẹta girama. Ọmọ tó bá wọ ọdún kẹrin ti jáde kúrò lábẹ́ rẹ̀. «Nígbà tó bá ṣeé ṣe» ni ìwé òfin ṣì ń wí fún un.